Ológbò Ààfin àti Aládùúgbò Tí Kò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹja ti wà lórí okùn níwájú ilé ìsáẹja ní Himi, ìlú etíkun kan ní Japan, oòrùn ń mú un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ̀fúùfù òkun sì ń fẹ́. Tazuko fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin, ó fi ọwọ́ kejì di fóònù mú. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló mọ̀ pé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, bí ilé bá ń jó, kó rọra máa jó ná. Àkókò máńgà ni.

Orí fóònù ni wọ́n ti ń ka ìtàn aláwòrán yìí. Orúkọ rẹ̀ ni "Wọ́n Ní Èmi Ni Mo Burú Jù Láàfin." Orufénzia ni obìnrin burúkú náà. Ọmọ ìjòyè ni, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, gbogbo ààfin sì gbà pé òun ló bu májèlé sínú tíì ìyá ọba. Ẹnì kan ṣoṣo tó gbà pé kò ṣe é ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Dúùkù Àríwá, ọkùnrin gíga tí kì í rẹ́rìn-ín, tí irun rẹ̀ máa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ kódà nínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ tì pa.

Tazuko ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àmọ́ ọ̀rọ̀ Dúùkù yìí wọ̀ ọ́ lára débi pé Shigeo ọkọ rẹ̀ máa ń bi í pé, "Ṣé ọkùnrin inú fóònù yẹn á bá wa jẹun lónìí, kí n sún abọ́ mi?"

Hatsue, tí wọ́n jọ ń sá ẹja, náà ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Mirieru lòun wà, ọmọ òrukàn kan tó máa ń pa ọwọ́ pọ̀ mọ́ àyà táá máa gbàdúrà fún gbogbo èèyàn. Ọ̀rẹ́ ni Tazuko àti Hatsue láti ilé ìwé. Tó bá ti di Ọjọ́bọ̀, ọ̀tá ni wọ́n.

Ìpín tuntun jáde. Àwọn méjèèjì kà á. Nígbà tó yá, Tazuko jókòó sórí àpótí ẹja. Ẹja sì wà nínú ẹ̀.

"Ó kọ̀ ọ́. Dúùkù dìde níwájú gbogbo ìjòyè, ó ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́."

"Mo rí i. Ó kàn pẹ́ kó tó la ojú ni."

"Hatsue, ọ̀bẹ wà nítòsí mi o."

"Fi pa ẹja. Obìnrin tó ń fi abẹ̀bẹ̀ kan tábìlì bá ìyá ọba sọ̀rọ̀, kí ni kò lè bù sínú tíì?"

Lábẹ́ ìtàn náà, àyè wà tí òǹkàwé lè kọ tinú ẹ̀ sí. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti kún. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Mo ti sunkún sínú ìrẹsì mi, iyọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù." Òmíràn ní, "Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà tí mo fi ké, baba arúgbó kan dìde fún mi kí n jókòó." Ẹnì kan ní, "Ẹ fara balẹ̀, ó lè jẹ́ ọgbọ́n ni Dúùkù ń dá." Wọ́n dá a lóhùn pé, "A ti mọ̀ ẹ́, ìwọ ni Dúùkù." Ọ̀kan tí kò bá ẹnikẹ́ni jà wá béèrè pé, "Kí ló dé tí ológbò ìyá ọba ní etí gígé bíi ti ológbò ìgboro?"

Orúkọ tí Tazuko ń lò níbẹ̀ ni Abẹ̀bẹ̀ Orufénzia. Ó fi àtàǹpàkò kọ tiẹ̀ pé: "Ẹni tó ya ìpín yìí, kí ọwọ́ rẹ̀ rọ. Irú ẹ ò yẹ kó wà láyé." Ó tẹ̀ ẹ́. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Nínú ilé ìwẹ̀ gbogbogbò, obìnrin yìí ò lè sọ fún ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ pé kó rọra. Àmọ́ lórí fóònù, ó lè pààyàn.

Lẹ́yìn náà ló padà lọ wo ológbò. Ó fẹ àwòrán náà lójú. Ológbò funfun, àwọ̀ dúdú kan lábẹ́ imú ẹ̀ bí irunmú tó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, etí ọ̀tún ẹ̀ ní gígé bí ewé òdòdó ṣẹ́rì, àmì pé àwọn aláàánú ti gbé e lọ tẹ̀ lọ́dàá.

"Hatsue, wá. Ta nìyí?"

Hatsue yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "Alága ni."

Alága ni ológbò àdúgbò wọn. Kò ní ilé, ilé gbogbo ni tiẹ̀.

"Kí ni Alága ń wá láàfin?"

"Bóyá wọ́n fi í joyè."

"Ọba òkèèrè wo ló ń gé etí ológbò bí tiwa? Ẹni tó ya èyí ń rí Alága lójoojúmọ́. Ìtòsí wa níbí ló ń gbé."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ni wọ́n bá ń ka ilé. Baba atún-kẹ̀kẹ́-ṣe kò lè ṣe é, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá tó ń ta tófù ẹ̀wà sóyà kò lè ṣe é, kò ráyè. Ó wá ku ilé olórùlé búlúù, níbi tí Inokuma ń gbé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ìgbà ìrúwé ló kó dé. Aṣọ dúdú ló fi bo fèrèsé lọ́sàn-án gangan. Ojú ẹ̀ funfun bíi bébà. Bó bá pàdé èèyàn, á tẹrí ba, á sì yára kọjá.

"Kò wá síbi tí gbogbo àdúgbò ti ń gbá gọ́tà," ni Tazuko wí.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni kò wá."

"Ẹni tí kò wá gbá gọ́tà, ṣé ó lè láàánú Orufénzia?"

"Àmọ́ Tazuko, gbogbo ilé ni Alága ti ń jẹun. Ó jẹ sàdíìnì lọ́dọ̀ mi láàárọ̀ yìí."

"Ṣé ìwọ lè ya Dúùkù?"

"Mi ò lè ya ẹyin."

"Ẹjọ́ ti parí nìyẹn."

Tazuko tún kọ ọ́: "Mo mọ ẹni tó yà á. Himi ló wà, ẹ̀yìn ilé ìsáẹja, ilé olórùlé búlúù, kẹ̀kẹ́ pupa wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Ẹ lọ bi í léèrè."

"Má tẹ̀ ẹ́ o," ni Hatsue wí.

Ó ti tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó délé, Ìyá Sumi, ìyá ọkọ rẹ̀, jáde láti yàrá ẹ̀yìn. Ìyá yìí ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Láti àárọ̀ ló máa ń ti ara ẹ̀ mọ́lé pẹ̀lú fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó ní òun ń kọ́ ewì kúkurú, kẹ́nikẹ́ni má ṣe kanlẹ̀kùn. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí ewì kan ṣoṣo.

"Ìyàwó, kí ló ń dùn mọ́ ẹ tó báyìí?"

Tazuko ròyìn fún un nídìí oúnjẹ. Ìyá Sumi gbé igi ìjẹun sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Inokuma kẹ̀? Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Bí ikú ṣe dájú."

"Lọ pa á rẹ́ kíá."

Tazuko fi abẹ̀bẹ̀ kan tábìlì. "Mo gbọ́, Ìyá. Àmọ́ mi ò ní ṣe é."

Ìyá Sumi wò ó títí, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó pa á dé. Ó padà sí yàrá ẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn.

Òdòdó ni àwọn òǹkàwé kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Inokuma. Òdòdó funfun, irú èyí tí wọ́n ń gbé sídìí òkú. Wọ́n kọ "Sùn re o, Dúùkù" sára ẹ̀. Inokuma rò pé wọ́n ṣi ilé ni, ó gbé e lọ sílé baba atún-kẹ̀kẹ́-ṣe, baba náà fẹ́ẹ̀ bá a jà. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú aṣọ ààfin tó fẹ̀ débi pé kò lè wọ ọ̀nà àdúgbò, àfi kó fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Àwọn mẹ́ta gbé ìdí aṣọ tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó na abẹ̀bẹ̀ bíi ti Orufénzia.

"Aláìlójútì, jáde wá gbọ́ ẹjọ́ rẹ."

Inokuma jáde pẹ̀lú aṣọ ìwọ̀sùn, irun ẹ̀ dúró gángán. Ó rò pé àwọn tó ń kó pàǹtí ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọjọ́ ìgò lónìí ni àbí ọjọ́ agolo?"

"Kí ló dé tó o fi kọ̀ mí?"

"Mi ò mọ̀ yín, mà."

"Ó tún sẹ́ mi," ni obìnrin náà wí, àwọn mẹ́ta tó gbé aṣọ bú sẹ́kún. Ẹnì kan ya fídíò ẹ̀. Kó tó dọ̀la, gbogbo òǹkàwé ti rí i.

Tazuko ń wo gbogbo ẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún. Kò rẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tí ẹnì kan fi ọ̀dà pupa kọ "Ọ̀dàlẹ̀" sára géètì náà. Ọ̀dà ń ṣàn bí ẹ̀jẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló tó pa ohun tó kọ rẹ́. Ó rò pé ó tán.

Kò tán. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni Inokuma ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru. Ọ̀sán ni oorun tiẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fi aṣọ dúdú bo fèrèsé, tí kò sì lè wá gbá gọ́tà. Òǹkàwé kan pe ibi iṣẹ́ ẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin yẹn, òun ló bu májèlé sínú tíì ìyá ọba." Akọ̀wé ibẹ̀ rò pé òmùgọ̀ ni ẹni tó pè, àmọ́ ó sọ ọ́ níbi tí àwọn arúgbó ti ń jẹun. Láti ọjọ́ náà, kò sí arúgbó kankan tó gba tíì lọ́wọ́ Inokuma mọ́. Ìyá kan tí kò dá ọmọ ara ẹ̀ mọ̀ mọ́ dá a mọ̀: "Mi ò gbà á lọ́wọ́ ẹ, apààyàn." Ọ̀gá ní kó lọ sinmi nílé díẹ̀.

Ìsinmi wo? Lọ́sàn-án, àwọn òǹkàwé ń pariwo lẹ́nu géètì. Nígbà tí ojú ẹ̀ kò lè là mọ́, ó gun kẹ̀kẹ́ lọ ra oúnjẹ, oorun gbé e lọ lórí kẹ̀kẹ́, ó já sínú gọ́tà. Egungun èjìká ẹ̀ ṣẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọlọ́pàá Nomura wọlé sí Tazuko. Ọmọ àdúgbò ni, ó bọ́ bàtà, ó jókòó, ó gba tíì, ó wo inú tíì náà kó tó mu ún.

"Ẹ̀yin mà, ta ni Abẹ̀bẹ̀ Orufénzia?"

Shigeo ní, "A ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Tazuko ń wo abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ ẹ̀.

"Mi ò wá mú yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ n là á yé yín. Àwọn èèyàn rò pé tí wọ́n bá ti lo orúkọ ìnagijẹ, wọ́n ti fi ìkòkò borí. Irọ́ ni. Ilé iṣẹ́ tó ni ojú ìwé yẹn ní àmì fóònù tó kọ ọ́. Ilé iṣẹ́ fóònù sì mọ ẹni tó ń san owó rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe láburú á gba lọ́yà, lọ́yà á lọ kóòtù, kóòtù á ní kí wọ́n tú orúkọ síta. Inokuma sì ti gba lọ́yà."

"Mo ti pa á rẹ́," ni Tazuko wí wẹ́lẹ́.

Shigeo yíjú sí i. "Àṣé ìwọ ni."

"Ó dáa pé ẹ pa á rẹ́," ni Nomura wí, "àmọ́ àwọn mìíràn ti ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n sì ń pín in kiri. Ohun tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ jáde, ẹ ò lè gbé e mì mọ́."

"Tó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé òun ló yà á lóòótọ́?"

"Òótọ́ ò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Kéèyàn júwe ilé ẹnìkan fún àwọn tínú ń bí, kó tún kọ ọ́ pé kò yẹ kó wà láyé, ẹjọ́ ni, bó yà á, bí kò yà á."

Ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn ṣí. Ìyá Sumi jáde, ó gbé fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ àyà.

"Kò yà á. Èmi ni mo yà á."

"Ìyá," ni Shigeo wí, "ṣé ẹ ti lo oògùn yín?"

"Oògùn bàbá ẹ. Ta lo rò pé ó ń ya pátákó sinimá ní ìlú Takaoka kí n tó bí ẹ?" Ó tan fóònù náà, ó gbé e sórí tábìlì. Dúùkù wà níbẹ̀, irun ẹ̀ kò tíì parí, ó pá lórí bí ẹyin. Alága jókòó lẹ́bàá ẹ̀.

Tazuko tẹ̀ síwájú wo àwòrán náà. Ó kúkú sọ èyí tó sún mọ́ ọn jù: "Orufénzia ńkọ́?"

"Ìwọ ni. Mo ní ìyàwó kan nílé, tí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á fi abẹ̀bẹ̀ kan tábìlì, á ní, 'Mo gbọ́, àmọ́ mi ò ní ṣe é.' Mo yà á kí ayé lè bá mi kórìíra ẹ̀. Ni wọ́n bá ń fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ayé ti bàjẹ́ tóyẹn."

"Dúùkù ńkọ́?" ni Shigeo bi í, ó na ẹ̀yìn.

"Kì í ṣe ìwọ, fọkàn balẹ̀."

"Kí ló dé tó fi kọ̀ ọ́?" ni Tazuko wí, omi ti lé sójú ẹ̀.

"Ó ń díbọ́n ni, kí ẹni tó bu májèlé lè rò pé ewu ti kọjá. Mo ti yà á sí ìpín tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré. Ẹ ò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan."

Nomura fi ife sílẹ̀. "Ta ló wá bu májèlé náà?"

"Nomura, iṣẹ́ lo wá ṣe."

"Ẹ má bínú, mà." Ó gbé ojú le. "Àmọ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Inokuma láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ dákẹ́."

Ìyá Sumi jókòó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó jọ arúgbó. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ka ohun tí wọ́n ń kọ. 'Kí ọwọ́ rẹ̀ rọ.' Mo wo ọwọ́ mi, mo ní, kó kúkú jẹ́ tọmọ ọlọ́mọ."

Tazuko, Shigeo àti Ìyá Sumi lọ tọrọ àforíjì lọ́jọ́ kejì. Ní ilé ìtajà, Shigeo àti Tazuko jà lórí àkàrà dídùn tí wọ́n máa gbé lọ. Shigeo ní èyí tó wúwo ló yẹ, kí àforíjì lè wúwo. Tazuko ní ọwọ́ kan ló kù fún ọmọkùnrin náà, báwo ló ṣe fẹ́ gbé e? Wọ́n ra èyí tó wúwo.

Inokuma ṣílẹ̀kùn, wọ́n so apá ẹ̀ mọ́ àyà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, wọ́n dojú kan ilẹ̀. Ìyá Sumi sọ tiẹ̀, Tazuko sọ tiẹ̀, láìfi nǹkan kan pamọ́.

"Mi ò ka máńgà yẹn rí," ni Inokuma wí. "Mo fẹ́ẹ̀ kà á kí n lè mọ ohun tí mo ṣe. Ojú mi ò lè dúró lórí ẹ̀. Mà, àwọn arúgbó yẹn ló ń dùn mí. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí kì í mu omi lọ́wọ́ ẹlòmíì àfi èmi. Kò mu ún lọ́wọ́ mi mọ́."

"A máa lọ bá wọn níbẹ̀, a máa ṣàlàyé," ni Tazuko wí.

"Wọ́n á gbàgbé àlàyé yín. Ìbẹ̀rù yẹn ni wọn ò ní gbàgbé." Ó gba àkàrà náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. "Ẹ má dá ara yín lóró lórí sìmẹ́ńtì. Àmọ́ mo máa kó lọ. Ẹjọ́ náà ò sì ní dúró. Lọ́yà ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn lórí fóònù, kí n ya fọ́tò gbogbo ohun tí wọ́n kọ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kí n kó o fún ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe."

Ọjọ́bọ̀ dé, kò sí ìpín tuntun. Ìyá Sumi kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn tó ń kà á ti ṣe aláìṣẹ̀ léṣe, òun ò sì ní yà á mọ́. Ariwo sọ. Àwọn ti Orufénzia àti àwọn ti Mirieru, tí wọn ò fẹnu kò rí lórí ohunkóhun, fẹnu kò lọ́jọ́ náà: ẹ jẹ́ ká wá Abẹ̀bẹ̀ Orufénzia jáde. Ẹnì kan wo fídíò ọjọ́ tí obìnrin aláṣọ ààfin wá, ó rí obìnrin kan lẹ́yìn tó mú abẹ̀bẹ̀ dání níwájú ẹja. Wọ́n fi àmì pupa yí orí ẹ̀ ká.

Hatsue sáré wọlé sí Tazuko láìbọ́ bàtà. "Tazuko, wọ́n ní èmi ni ìwọ. Èmi tí mo fẹ́ràn Mirieru. Wọ́n ti pe ilé ọmọ mi."

Tazuko wo ọ̀rẹ́ ẹ̀. Bó bá dákẹ́, ó yè bọ́. Hatsue á gba ìyà náà, bí Inokuma ṣe gbà á. Ó wo Ìyá Sumi. Ìyá Sumi ń wò ó bí ẹni tó ti dákẹ́ rí.

Ó pe Nomura, ó béèrè bó ṣe yẹ kóun kọ ọ́. Nomura ní kó má fi ilé ẹnikẹ́ni sí i, títí kan tiẹ̀. Ó fi ojúlówó orúkọ ẹ̀ kọ ọ́: "Èmi Kuwabara Tazuko ni Abẹ̀bẹ̀ Orufénzia. Kì í ṣe obìnrin inú fídíò yẹn. Ọkùnrin tí mo júwe ilé rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni mo pa, torí inú bí mi sí àwòrán." Àtàǹpàkò ẹ̀ dúró lórí fóònù náà pẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

Èébú tí wọ́n bú u lọ́jọ́ yẹn, ajá ò lè jẹ ẹ́ tán. Ilé ìsáẹja ní kó dúró sílé ná. Kóòtù dá a lẹ́bi, òun àti Shigeo ṣì ń san ohun tí wọ́n ní kí wọ́n san. Obìnrin aláṣọ ààfin náà àti ẹni tó fọ̀dà kun géètì wà lórí ẹjọ́ kan náà. Wọ́n fi Hatsue lọ́rùn sílẹ̀, àmọ́ kò wá jókòó ti Tazuko mọ́. Inokuma kó lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Tazuko bá a gbé àpótí kan sínú ọkọ̀. Inokuma dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìtàn lórí fóònù, ẹ sunkún, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ bú Dúùkù bó ṣe wù yín, Dúùkù ò ní ilé tí wọ́n lè ju ẹyin lù. Àmọ́ ẹni tó yà á ní ọwọ́ tó lè rọ, aládùúgbò yín sì ní èjìká tó lè ṣẹ́. Kí ẹ tó tẹ ohun tẹ́ ẹ kọ jáde, ẹ kọ́kọ́ kà á sókè ketekete fún ẹni tẹ́ ẹ jọ wà nínú ilé. Bí ẹnu yín ò bá lè gbé e, ẹ má jẹ́ kí àtàǹpàkò yín gbé e. Tí wọ́n bá sì ń ṣe é fún ẹlòmíì lójú yín, tẹ́ ẹ sì mọ òótọ́, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di pé wọ́n ń so apá ẹnìkan mọ́ àyà.